Orúkọ Tí Mo Sọ Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, mi ò lè gbàgbé Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ ká wa mọ́ ojú ọ̀nà Ìlaròó, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi tú àṣírí ara mi. Títí di òní, bí mo bá ń fọ abọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá sọ sí mi lọ́kàn, ńṣe ni mo máa ń dá kígbe "háà" bí ẹni tí nǹkan ta. Kúnlé á sì ti mọ ohun tí mo rántí.

Kúnlé ni ọkọ mi. A kò tíì pé ọdún kan tí a ṣègbéyàwó nígbà náà. Yàrá kan àti pálọ̀ la gbà sí Àmùkòkò, ẹnu ọ̀nà wa kọjú sí ti ìyá kan tó ń ránṣọ. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi níléèwé kan tí kò jìnnà sílé, Kúnlé sì ń ṣiṣẹ́ agẹ́ńtì ní Warehouse Road, ó ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù wọn jáde ní èbúté. Ayé wa dùn. Iná lè wọ́n, omi lè wọ́n, ẹ̀rín kì í wọ́n wa. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó gbé àga síta, a ó máa jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, Kúnlé á sì máa sín ọ̀gá rẹ̀ jẹ títí omi á fi bọ́ lójú mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń já mi láyà: Àǹtí, ẹ̀gbọ́n Kúnlé obìnrin. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí kó tó kú. Kúnlé ṣì ń rá nígbà náà, Àǹtí sì ti lé lógún ọdún, òun ló gbé e pọ̀n, tó rán an níléèwé, tó sọ ọ́ di ènìyàn. Nọ́ọ̀sì ni Àǹtí kó tó fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ń dá gbé nínú fúláàtì kan tó mọ́ roro ní GRA Àpápá. Gbogbo Sunday tí wọ́n bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń yà sọ́dọ̀ wa. Bó bá ti kí wa tán, yóò ṣí ìkòkò, yóò fimú gbóòórùn ọbẹ̀, yóò ṣí fíríìjì, yóò gbé agolo mílíìkì sókè, yóò wá ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára rẹ̀. Yóò fi ìka nu orí tẹlifíṣọ̀n, yóò sì wo ìka náà bóyá eruku wà níbẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn wa. Mi ò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀.

Ọjọ́ náà ni mo sọ fún Kúnlé pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ yìí, kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Kò sí kọ̀nténà tó lè gba iwájú rẹ̀ kọjá láìtú." Kúnlé rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí àga. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ wa lẹ́nu nìyẹn. Bí Àǹtí bá ń bọ̀, "Kọ́sítọ́ọ̀mù ti gbéra" la ó máa wí, a ó sì máa sáré gbálẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n wá lọ fi í pamọ́ sórí fóònù mi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: Kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ẹ mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, òun ni yóò sì wá orúkọ tó dùn létí tí yóò máa pè wọ́n. Mo ti sọ gbogbo ẹbí Kúnlé lórúkọ. Mo ní Adúmáadán, mo ní Òpéléńgé, mo tún ní Akọ̀wé, bọ̀dá kan tí ìwé ìròyìn kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí nìkan ni mi ò rí orúkọ fún. Mo rò ó pé kí n pè é ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, mo wá rántí pé díńgí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Mo ro Awẹ́lẹ́wà, ẹ̀rù bà mí pé yóò bi mí pé ta ni mò ń tan. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ṣe ń lọ, "Àǹtí" lásán ni mò ń pè é.

Òun náà kò pè mí ní ìyàwó rí. Tíṣà ló ń pè mí. "Tíṣà, ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́?" Bí ìgbà tí mo wá ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní lẹ́sìnnì. Ó ń dùn mí o, mi ò ní purọ́. Obìnrin tó tọ́ ọkọ mi dàgbà ni, ìyá ọkọ ló jẹ́ fún mi, mo sì fẹ́ kó pè mí ní ìyàwó, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n lè mọ̀ pé ó ti gbà mí.

Nígbà tó wá ku ọjọ́ mẹ́ta kí a lọ kí bàbá wọn ní Ìlaròó, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá dé ilé wọn, ni Kúnlé ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé Bàbá á ní kí n pe àwọn ọkọ mi lórúkọ níkọ̀ọ̀kan. Ó tún ní Àǹtí ti bi òun lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ṣé Tíṣà ò rí orúkọ kankan lára tèmi ni?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mi ò mọ̀ pé ó ń retí rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé náà, a lọ gbé Àǹtí ní GRA. Mọ́tò rẹ̀ la gbé, Kúnlé ló wà á, Àǹtí jókòó síwájú, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú kúlà mọ́ínmọ́ín àti ìkòkò ata díndín nínú rẹ̀. Kí a tó gbéra, Àǹtí ní kí n ṣí kúlà. Ó tẹ mọ́ínmọ́ín wò bóyá ó dì. Ó bèèrè bóyá ewé ni mo fi pọ́n ọn tàbí ike, nítorí Bàbá kì í jẹ ti ike. Ó gbé ìdérí ìkòkò ata, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí Kúnlé nínú díńgí mọ́tò, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí, ó ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn bí àwọn ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe ń kíra wọn. Mo gé ètè mi jẹ kí ẹ̀rín má bàa bọ́, mo sì bínú pa kúlà dé, mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

A kò tíì kọjá Mile Two dáadáa tí mọ́tò fi já sí kòtò kan. Kúlà fò, ìdérí ṣí, ata díndín dà sórí kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò Àǹtí. Epo ń ṣàn lọ sábẹ́ àga rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Mo tú gèlè orí mi, gèlè tuntun, mo fi ń nu ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Àǹtí fimú fà, ó ní òórùn ata ń wá láti ẹ̀yìn. Mo ní àwọn tó ń dáná lẹ́bàá ọ̀nà ni. Kúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Nígbà tí a fi máa dé Àgbárá, òjò ti ṣú. Kì í ṣe òjò kékeré o, òjò àkọ́rọ̀ tó ti ń kó ara rẹ̀ jọ látìgbà ọyẹ́. Wáípà apá kan kọṣẹ́, Kúnlé sì yà sí ilé epo kan, a dúró kí òjò dá. Àǹtí ní òun fẹ́ pe Bàbá kó má bàa máa wọ̀nà wa. Ó wá fóònù nínú báàgì, kò rí i. Ó da báàgì kalẹ̀ sórí itan: Bíbélì kékeré, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, abẹ́bẹ̀. Kò sí fóònù.

"Kúnlé, fi tìẹ pè é, kí n mọ ibi tó wà."

Kúnlé ní tòun ti kú, ọjọ́ kejì rèé tí a ò ti ríná. Àǹtí yíjú sẹ́yìn. "Tíṣà, tìẹ ńkọ́?"

Tèmi wà láàyè. Mo ti gbé e lọ síbi jẹnẹrétọ̀ ìyá aránṣọ. Mo kọ́kọ́ ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àǹtí fi ìka tọ́ka sẹ́yìn ilé epo náà, mo sì wo ibẹ̀: òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ó ga, ó ń wò mí látòkè.

Ọlọ́gbọ́n ì bá kàn pe nọ́ńbà náà, kó dojú fóònù délẹ̀. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n sáré yí orúkọ náà padà. Mo kọ "Àǹtí" síwájú rẹ̀, mo wá fẹ́ máa pa èyí tó kù rẹ́. Ṣùgbọ́n epo ata wà ní gbogbo ìka mi, ojú fóònù kò gbọ́ tèmi mọ́. Mo tẹ ibí, ó lọ sí ọ̀hún. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó sì fi í pamọ́ bó ṣe wà. Ẹ wò ó, bó bá jẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù lásán ni, ǹ bá ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ Kúnlé ni. Ó ti di "Àǹtí Kọ́sítọ́ọ̀mù" báyìí, kò sì sí ẹlòmíì láyé tí mò ń pè ní Àǹtí.

"Kí lò ń kọ bí ẹni ń ṣèdánwò? Gbé e wá."

Àgbà ló ní kí n gbé e wá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó tún díńgí ojú rẹ̀ ṣe, ó ń tẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń kà á jáde bí ẹni ń ka Sáàmù. Ó tẹ̀ ẹ́ tán. Orúkọ tí mo kọ yọ lójú fóònù. Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ ojú. Kúnlé, ẹni tó rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, ń wo wáípà bíi pé kò mọ̀ mí rí.

Orin ìyìn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ àga Àǹtí. Ayọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n lè fi orí mi pamọ́. Mo nawọ́ wọ abẹ́ àga, mo fa fóònù náà jáde nínú epo ata, mo nù ún lára aṣọ mi. Ojú rẹ̀ ń tàn. Àwòrán mi ọjọ́ ìgbéyàwó ló wà níbẹ̀, èyí tí mo kúnlẹ̀ tí mo ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni "Ìyàwó Mi".

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Fóònù tèmi ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tirẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi, kálukú ń ka orúkọ tí ẹnì kejì sọ ọ́. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ojú tì mí ju bí wọ́n bá gbá mi létí lọ.

"Èmi ni Kọ́sítọ́ọ̀mù?" Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú léèsì tí mo fẹ́ fi han Bàbá. Àwọn tó ń ta epo dúró, wọ́n ń wò mí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ọ̀rọ̀ àwàdà ni, mo ní ẹnu mi ló yá jù. Ẹkún ti dà pọ̀ mọ́ òjò lójú mi.

"Dìde, òjò ń pa ọ́," ló sọ. Ó na tówẹ́ẹ̀lì kan sí mi. Láti ibẹ̀ dé Ìlaròó, kò tún sọ ohunkóhun. Mo jókòó sẹ́yìn, ẹrẹ̀ lórókún, ata lára aṣọ, orí mi ṣófo láìsí gèlè. Mo gbà pé ó ti parí fún mi nílé ọkọ.

Bàbá rí mi, ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá a jábọ́ lórí ọ̀kadà ni. Lẹ́yìn tí a jókòó, tí wọ́n ti gbàdúrà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n pe àwọn ọkọ mi fóun gbọ́. Mo pe Adúmáadán, mo pe Òpéléńgé, mo pe Akọ̀wé. Ó nawọ́ sí Àǹtí. "Èyí ńkọ́?"

Mo wolẹ̀. Àǹtí ló dáhùn.

"Kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń pè mí, Bàbá."

Bàbá ní irú orúkọ wo nìyẹn. Àǹtí tún ìró rẹ̀ ró kó tó fèsì. "Látìgbà tí màámi ti kú, kò sí nǹkan tó ń wọlé tọ Kúnlé tí mi ò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Oúnjẹ ni o, ọ̀rẹ́ ni o. Kò sẹ́ni tó rí i, ọmọ yìí ló rí i." Ó wá yíjú sí mi. "Mo ti yẹ ìyàwó mi náà wò, Bàbá. Mi ò rí àbùkù kankan lára ẹ̀, àfi pé kì í dé kúlà dáadáa. Mọ́tò mi ń rùn."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mò ń sunkún, mi ò sì mọ èyí tí mò ń sun nínú méjèèjì, ti ìtìjú àbí ti ìyàwó tó pè mí.

Wọ́n lè rò pé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn ṣọ́ ohun tó ń kọ sórí fóònù. Òótọ́ ni, ẹ ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí tó jìn jù ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí mo fi ń bẹ̀rù pé obìnrin yẹn kò gbà mí, tí mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹ̀rù náà lè dín kù, òun sì ti kọ mí sílẹ̀ ní ìyàwó rẹ̀ látọjọ́ ìgbéyàwó. Bí mo bá ti pè é lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí mo jókòó tì í, ǹ bá ti mọ̀. Àmọ́ mi ò pè é rí, ńṣe ni mo máa ń sá lọ gbálẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín mi, kò burú. Èmi fúnra mi ti rẹ́rìn-ín ara mi títí, kó tó kàn yín.