Kòtò Mẹ́ta Tó Wà Lọ́nà Ilé Àna Ajíbóyè

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n? Ẹ má wulẹ̀ mi orí sí mi, ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ rò pé ọlọ́gbọ́n kan ló jókòó sábẹ́ igi tó rò ó jinlẹ̀. Rárá o. Ẹnì kan ló fi ìyà kọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Ajíbóyè lorúkọ rẹ̀. Ará Ìsàlẹ̀-Odò ni, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí ẹní. Ó sígbọnlẹ̀, ó sanra, ó ti pé ogójì ọdún, kò sì tíì láya. Kì í ṣe pé kò wá o. Gbogbo ilé tó bá lọ tọrọ ìyàwó ni wọ́n ti ń fún un lómi mu, tí wọ́n á sì rọra sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti ń gbà pé bẹ́ẹ̀ lòun yóò ṣe darúgbó, tí òun yóò máa dá obẹ̀ sè. Àfìgbà tí Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ aláró kan ní Òkè-Ẹ̀fúùfù, wá ta aṣọ nílùú wọn, tó rẹ́rìn-ín sí i, tó ní kó wá kí àwọn òbí òun lẹ́yìn ìkórè.

Òkè mẹ́ta ni ènìyàn máa gùn kó tó dé Òkè-Ẹ̀fúùfù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Fámurẹ̀wá àti Jẹ́gẹ́dẹ́, ní àwọn yóò sìn ín lọ. Ká sòótọ́, kì í ṣe ti ìyàwó ló ń gbé wọn lọ, eré ni. Lásìkò ọyẹ́, bí koríko orí òkè bá gbẹ tán, àwọn ará ibẹ̀ a máa so ìdí imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, wọn a mú ọ̀pá lọ́tùn-ún lósì, wọn a sì yọ̀ láti ṣóńṣó òkè dé ìsàlẹ̀, fìì, bí àṣá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ẹrù sẹ́yìn, ó di ọ̀nà.

Ajíbóyè ní, "Èmi ni mò ń lọ fẹ́yàwó, èmi ni n ó ṣáájú."

Jẹ́gẹ́dẹ́ dáhùn pé, "A kò bá ọ du."

Wọ́n gun òkè kìíní láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn wọ́n lórí. Wọ́n so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́sẹ̀. Ajíbóyè ló kọ́kọ́ yọ̀. Ó dùn mọ́ ọn dé ìdajì. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí àwọn amọ̀kòkò ti ń wa amọ̀, kòtò kan yanu sílẹ̀. Pọ̀ọ̀! Ó rì sínú amọ̀ dé abíyá.

Lókè, Fámurẹ̀wá bi Jẹ́gẹ́dẹ́ pé, "Ṣé o rí i?"

"Mo rí i. Ọwọ́ òsì la ó gbà."

Wọ́n yà sósì, wọ́n balẹ̀ wẹ́rẹ́ bí lékeléke. Wọ́n fa ọ̀rẹ́ wọn jáde, àmọ́ bàtà rẹ̀ kò bá a jáde. Ọyẹ́ gbẹ amọ̀ náà mọ́ ọn lára. Bó bá ti ká apá, a sán kàù. Ó fi dàńdógó tuntun, ẹ̀wù ńlá tó fẹ́ wọ̀ dé ọ̀dọ̀ àna, tó wà nínú ẹrù rẹ̀ tu ara rẹ̀ nínú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ igbó tó wà ní ìdí òkè kejì. Òun náà ló ṣì wà níwájú, ó ń fi ìbínú rìn. "Kò sẹ́ni tí í jìn sí kòtò lẹ́ẹ̀mejì," ló ń sọ lọ́wọ́, nígbà tí ewé gbígbẹ tó tẹ̀ ya mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ọ̀fìn ọdẹ ni. Òbúkọ kan ti kó sínú rẹ̀ láti àná, kò sì fẹ́ àlejò. Kó tó di pé Ajíbóyè mọ ibi tí orí òun wà, ẹrù ti tú. Òbúkọ jẹ obì àna, ó tẹ ataare, ó sì fi ìwo ya dàńdógó sí méjì.

Ó gbọ́ ohùn Jẹ́gẹ́dẹ́ lókè: "Bí ewé gbígbẹ bá kó jọ báyìí, à á yẹra fún un."

"Òótọ́ ni o. Ẹ̀kọ́ ńlá ni."

Ajíbóyè kígbe pé, "Ṣé ẹ ó fà mí jáde ni, àbí ẹ ó máa kẹ́kọ̀ọ́?"

Òbúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ fà jáde. Wọ́n ní òun ló fúyẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ajíbóyè jókòó sórí àpáta, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n padà. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń yan aya lọ́run, kòtò ni èmi ń yàn."

Fámurẹ̀wá ní, "Bọ́ sẹ́yìn. Àwa á ṣáájú."

Ó bọ́ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹta, nǹkan kan kò ṣe é. Ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà á láti ní ìrètí.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n dé ṣóńṣó òkè kẹta. Òkè-Ẹ̀fúùfù wà lẹ́bàá òkè nísàlẹ̀ wọn. Wọ́n ń wo aṣọ aró tí ìyá Mọrẹ́nikẹ́ sá. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn òbí Mọrẹ́nikẹ́ ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n dé, bí wọ́n bá sì fẹsẹ̀ rìn yíká, ilẹ̀ yóò ṣú. Ó di dandan kí wọ́n yọ̀. Fámurẹ̀wá yọ̀, Jẹ́gẹ́dẹ́ tẹ̀ lé e, Ajíbóyè gbàdúrà kó tó yọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tó wúwo kì í pẹ́ lórí òkè. Afẹ́fẹ́ kan ń hó létí rẹ̀. Ó rí ẹ̀yìn Jẹ́gẹ́dẹ́, ó rí ìhà rẹ̀, ó kọjá rẹ̀. Ó kọjá Fámurẹ̀wá.

"Ẹ dì mí mú o!"

"Yà sọ́tùn-ún!"

"N kò mọ bí wọ́n ṣe ń yà!"

Kòtò tí ìyá Mọrẹ́nikẹ́ ń da omi aró sí ló gbà á. Gbòlóò! Aró fọ́n sórí aṣọ tí wọ́n sá, ó fọ́n sí irùngbọ̀n bàbá Mọrẹ́nikẹ́ tó jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Fámurẹ̀wá yà sọ́tùn-ún, Jẹ́gẹ́dẹ́ yà sósì, wọ́n dúró níwájú àwọn àgbà láìsí àbàwọ́n, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ajíbóyè náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Inú kòtò ló wà, nítorí náà orí rẹ̀ tún wọlé sínú aró.

Bàbá bèèrè pé, "Ta ni ọkọ nínú yín?"

Wọ́n na ọwọ́ sí kòtò.

"Báwo lẹ̀yin wá ṣe mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀?"

Jẹ́gẹ́dẹ́ ní, "A kò mọ̀ o, bàbá. Ibi tí ọ̀rẹ́ wa bá ti jìn sí la máa ń yà fún. Ìkẹta rèé."

Bàbá nu irùngbọ̀n. "N kò ní ọmọ tí n ó fún ẹni tí kì í wolẹ̀."

 Ajíbóyè ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ó wọ́ jáde, omijé rẹ̀ ń kán ní aró-aró, ó kọjú sọ́nà òkè.

Mọrẹ́nikẹ́ yọ láti ilé ìdáná. Ó wò ó látòkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n fẹ́ ẹ."

"Kí lo rí lára eléyìí?"

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi mọ ọ̀nà dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi ló ń jìn sí kòtò fún un. Eléyìí, iwájú mi ni yóò ti máa jìn sí i. Ẹsẹ̀ tèmi kò ní tutù láéláé."

Ìyá wo àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì tí aṣọ wọn funfun gbòò, ó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní kí wọ́n bomi fún àna òun kó wẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Ajíbóyè ṣe fẹ́yàwó, etí rẹ̀ ṣì ń dán ní aró bí aṣọ ẹtù. Ṣùgbọ́n kò gbádùn ìrìn mọ́ títí ó fi kú. Bó bá ti jáde nílé, tó bojú wẹ̀yìn, á rí Mọrẹ́nikẹ́, á rí Fámurẹ̀wá àti Jẹ́gẹ́dẹ́, á rí gbogbo ará Ìsàlẹ̀-Odò tí wọ́n tò lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń retí. Nítorí ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.