Dírọ́ọ̀pù Màmá Ṣùkúrátù

Ká má parọ́, Toheeb kì í ṣe ọmọ burúkú, ìbẹ̀rù ọ̀gá ló ń dà á láàmú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Oríyọmí, tó ni kẹ̀kẹ́ Márúwá tí Toheeb ń wà, kìlọ̀ fún un pé bí òun bá tún rí i pẹ̀lú èrò àkúnya, òun á gba kọ́kọ́rọ́ òun, kó padà sídìí iṣẹ́ bíríkìlà tó ti sá kúrò. Nítorí náà ló ṣe dúró ní Gáréèjì Ìkòròdú, tó ń wá ẹnì kan ṣoṣo tó máa dá gba odindi kẹ̀kẹ́, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní dírọ́ọ̀pù. Màmá Ṣùkúrátù sì yọ, ó ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn ojú, ó gbé báàgì ńlá lọ́wọ́, ó ń lọ sí Ìgbógbó.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ṣé dírọ́ọ̀pù ni?"

"Dírọ́ọ̀pù ni, ọmọ mi. Dókítà ní kí n máa gbà á láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́."

Toheeb ò rí irú dókítà báyìí rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, èmi ni kẹ́ ẹ máa lò."

"Ṣé ọwọ́ rẹ kì í gbọ̀n?"

"Ẹ bi gbogbo gáréèjì. Ẹ dírọ́ọ̀pù báàgì yín sẹ́yìn."

"Báàgì tèmi ò ní àìsàn ojú."

Màmá wọlé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé orí sẹ́yìn, ó ya ojú sílẹ̀ gbàgà. Toheeb rò pé àdúrà ìrìn àjò ló ń gbà. Ó ní àmín.

"Kí lò ń ṣe àmín sí? Kán an sí mi lójú."

Ìgbà tí Màmá na ìgò kékeré kan sí i ló tó yé e pé dírọ́ọ̀pù tí wọ́n ń kán sójú ni Màmá ń sọ. Ó kán oògùn náà, ìkán kan bọ́ sí imú. Ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé pé dírọ́ọ̀pù tòun ni pé kẹ̀kẹ́ di ti ẹnì kan ṣoṣo títí tó fi máa débi tó ń lọ.

"Á jẹ́ pé tèmi ni?"

"Tiyín ni, Màmá. Ẹlòmíì ò láṣẹ lórí ẹ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ta ló máa ní nǹkan tí kò ní pe ará ilé sí i? Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Màmá fi ní kó dúró fún Munirah aládùúgbò rẹ̀. Ó tún ní kó dúró fún Bàbá Adéòjó, ẹ̀yìn kún. Agnes, tí Màmá tún pè, jókòó ti Toheeb, ó gbé àpò gààrí lé e lẹ́sẹ̀. Sàlàkọ́, tí Màmá pè gbẹ̀yìn, rọ̀ mọ́ irin lẹ́yìn.

"Màmá, ẹ ṣàánú mi. Bí ọ̀gá mi bá rí wa báyìí, wọ́n á gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Kẹ̀kẹ́ ta ni wọ́n fẹ́ gbà? Ṣebí o ní tèmi ni."

Kó tó fèsì, ó rí Oríyọmí fúnra rẹ̀ létí títì, ó ká ọwọ́ gbera. Toheeb tẹ bíréèkì. Àfi bí Màmá ṣe nawọ́ pe ọkùnrin náà pé kó máa bọ̀, ààyè wà, ṣebí òun lòun wẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bí i. Oríyọmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tó dìde, ó rọra sọ pé èrò ti pọ̀ jù nínú kẹ̀kẹ́ òun tí òun gbé fún Toheeb, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Màmá wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òótọ́ lọ̀gá rẹ sọ. Toheeb, ìwọ lo kéré jù nínú wa. Dírọ́ọ̀pù, kí ọ̀gá rẹ ráàyè jókòó."

"Màmá, ọ̀gá mi ò mọ kẹ̀kẹ́ wà."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá àgbà jiyàn nílé yín? Kọ́kọ́ dìde ná. Táwọn àgbà bá ti jókòó tán, a óò wá awakọ̀."