Bí Mo Ṣe Fi Sítáàṣì Ba Máńgòrò Sàráà Bàbá Mi Jẹ́

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí tí n ó fi kú. Inú ọ̀sẹ̀ sàráà ọdún kan tí Bàbá mi kú ni, nílé wa ní Ìsẹ́yìn. Igi máńgòrò tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sẹ́yìnkùlé so wọ̀ǹtìwọnti, Ìyá mi sì ní máńgòrò náà ni àwọn alùfáà máa jẹ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n fi ṣàdúà fún ẹni tó gbìn ín. Àmọ́ Mọ́ńdè ni máńgòrò ti pọ́n, oòrùn Òkè-Ògùn kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ sàráà.

Mo ti gbọ́ lórí rédíò pé téèyàn bá po sítáàṣì ẹ̀gẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó fi òrí díẹ̀ sí i, tó ri èso bọ̀ ọ́, tó sá a síbòji, kò ní tètè bàjẹ́. Mo ní kí Ìyá fi í sílẹ̀ fún mi.

"Ṣó dá ọ lójú?"

"Ìyá, èmi tí mò ń fi sítáàṣì rẹ òwú lójoojúmọ́!"

Aṣọ òkè ni mò ń hun, ibẹ̀ ni mo ti kàgbákò. Lọ́dọ̀ wa, sítáàṣì tó bá ki ló ń mú òwú le, inú oòrùn la sì ń sá a sí. Mo ní onírédíò yẹn kò hunṣọ rí. Mo ro tèmi títí tó fi fẹ́ẹ̀ dá ọmọrogùn dúró, mo bu òrí sí i láìwo ẹ̀yìn, mo ri gbogbo máńgòrò bọ̀ ọ́, mo tò wọ́n sórí páànù nínú oòrùn. Ọlọ́gbọ́n èèyàn!

Kí n tó kírun Àsárì dé, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ti ń lá sítáàṣì. Mo lé wọn, mo fọ èyí tí wọ́n lá, mo tún un rì, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, mo fi ọ̀rá wé e pinpin.

Ọjọ́ Jímọ̀, mo tú u lójú gbogbo èèyàn. Máńgòrò ń dán, àmọ́ òórùn ọtí ló gba ilé kan. Alùfáà fi aṣọ bo imú. Ìyá tẹ ọ̀kan, omi ló ya jáde.

"Àlájà, máńgòrò Alàájì ńkọ́?" ni alùfáà bi í.

Ìyá mi ò wojú mi. "Ọmọ ẹ̀ ti fi hunṣọ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọsàn tí a sáré rà lọ́jà ni wọ́n jẹ tí wọ́n fi ṣàdúà fún Bàbá mi. Ó dùn mí dé egungun.

Àwọn tó mọ̀ nípa èso ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé èso a máa mí, pé ńṣe ni mo dí i nímú. Òwú kì í mí, ibo ni n ó ti mọ̀? Bí wọ́n bá ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nísinsìnyí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ni mò ń ṣe é. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń sọ ìtàn yìí. Ìyá mi kì í bá mi rín in.