Bí Kọmíṣọ́nà Ṣe Gbọ́ Ẹjọ́ Ìgbòlómi

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà etí ọ̀sà fi ń pa òwe pé, "Ẹsẹ̀ tó bá tutù ló ń gbọ́ ẹjọ́ odò"? Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó bá ń yan ẹja lọ́wọ́, kó tètè yí i padà, kí ẹ̀rín má baà jẹ́ kó jóná.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìgbòlómi. Orí òpó nínú ọ̀sà ni wọ́n kọ́ gbogbo ilé wọn sí. Ẹja ni wọ́n ń pa, ẹja ni wọ́n ń yan, ẹja náà ni wọ́n fi ń rán ọmọ nílé ìwé. Lọ́dún kan, ewéko kan tó ń léfòó bo ojú omi pátápátá. Ọkọ̀ kò ríbi kọjá, àwọ̀n ń ya, ààrò àwọn obìnrin di tútù. Ebi ti ń kanlẹ̀kùn.

Wọ́n bá rán Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, àgbà ayanja, àti Odùnúgà atukọ̀, pé kí wọ́n lọ bá ìjọba sọ ọ́. Kọmíṣọ́nà tí wọ́n bá ní ọ́fíìsì ń jẹ́ Olóyè Ṣógbèsan. Ọlọ́yàyà èèyàn ni, àfi pé kì í jẹ́ kéèyàn parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," ni Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ wí. "Ewéko ló bo…"

"Ewéko!" Kọmíṣọ́nà ti fò dìde. "Ewéko ń hù ní Ìgbòlómi? Ẹ kú oríire! Ìjọba yóò ràn yín lọ́wọ́."

Ìrànlọ́wọ́ dé lóòótọ́: ọkọ̀ ojú omi kan tó kún fún àpò ajílẹ̀. Ọkọ̀ há sínú ewéko, wọ́n fà á títí àwọn àpò fi ya, gbogbo ajílẹ̀ dà sómi. Háà! Ewéko jẹun yó. Kò pẹ́ tó fi ga dé ojú fèrèsé, tí ewúrẹ́ Baálẹ̀ ń na ọrùn jẹ ẹ́ láti inú yàrá.

Wọ́n tún padà lọ. Odùnúgà ní, "Ọ̀gá, a kò gbìn ín o! Ẹ bá wa kó o kúrò ni!"

"Ẹ fẹ́ kórè? Ẹ ò bá ti tètè sọ."

"Kúrò, sà! Kúrò!"

"Mo ti gbọ́. Ìkórè."

Ó fi katakata ìroko ránṣẹ́. Awakọ̀ rẹ̀ dé etí omi, ó béèrè pé, "Oko dà?" Wọ́n nàka sí ọ̀sà. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ tí ìjọba rán mi ni mo ń jẹ́," ó sì wà á wọ inú omi lọ. Awakọ̀ lúwẹ̀ẹ́ jáde, ọ̀pọ̀lọ́ jókòó sípò rẹ̀.

Odùnúgà fẹ́ sunkún. Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ ní, "Nu ojú rẹ. Ẹni tí kò gbọ́ ẹjọ́ yóò gbọ́ ìpè àsè. Ẹ jẹ́ ká ní kí Kọmíṣọ́nà wá ṣí ayẹyẹ ìkórè."

Kíá ni Kọmíṣọ́nà dé, tòun ti agbádá funfun àti àwọn ayàwòrán.

"Ẹ jókòó, sà," ni Odùnúgà wí nínú ọkọ̀.

"Kí n jókòó kẹ̀? Ta ni yóò wá rí mi?"

Ó dúró, ó ń juwọ́. Ọkọ̀ kọlu ewéko. Ọkọ̀ dúró. Kọmíṣọ́nà kò dúró. Ó já sínú omi jàbú, agbádá tẹ́ bí àwọ̀n, ẹja àrọ̀ kan sì wọ inú ṣòkòtò rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Kí ló so mí lẹ́sẹ̀ yìí?"

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Ewéko ni, sà."

"Kò jẹ́ kí n lè rìn!"

"Kò jẹ́ kí àwa náà lè rìn, sà."

"Ẹ kó o kúrò! Ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò!"

Gbogbo Ìgbòlómi pàtẹ́wọ́. Wọ́n fà á jáde, Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ yá a ní ìró, ó sì yan àrọ̀ inú ṣòkòtò náà fún un. Ibẹ̀ ló jókòó sí, tó ń jẹ ẹja, tó ń fi fóònù ẹlòmíràn pàṣẹ. Agbádá kò tíì gbẹ tí ọkọ̀ tó ń kó ewéko fi dé. Wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ ìlú síṣẹ́, ọ̀nà omi là, èéfín ẹja yíyan sì tún gba ìlú kan.

Láti ìgbà náà, bí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan bá dé Ìgbòlómi pẹ̀lú bàtà dídán, wọn kì í bá a jiyàn mọ́. Wọ́n á kàn fa ọkọ̀ wá, wọ́n á ní, "Ẹ bọ́ bàtà, sà. Ẹsẹ̀ tó bá tutù ló ń gbọ́ ẹjọ́ odò."