Ta Ló Fa Wáyà Ọ̀pọ̀lọ́ Yọ?

Nílé ìdáná Màmá Dolores, nílùú Akron, Wendell ọmọ rẹ̀ gbé àpótí dúdú kékeré kan tó rí nínú kọ́bọ́ọ̀dù kalẹ̀ sórí tábìlì. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, ó nírùngbọ̀n, ó ti bímọ mẹ́ta, síbẹ̀ ó fajú ro bí ọmọ tí wọ́n já bísíkíìtì gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Màmá, mi ò lọ gbé Rosalind ní pápákọ̀ òfurufú mọ́. Kó máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀."

"Nínú yìnyín yìí? Àbúrò ẹ kan ṣoṣo? Kí ló ṣe ẹ́?"

"Ẹ rántí àpótí yìí?"

"Ṣé kì í ṣe èyí tá a fi ń yan búrẹ́dì ni?"

"Búrẹ́dì kẹ̀! Òun ló ń gba géèmù látorí wáyà tẹlifíṣọ̀n! Tó bá ti di ọjọ́ kìíní oṣù, iléeṣẹ́ tó ni ín á kó géèmù tàtijọ́ lọ, wọ́n á gbé tuntun wá."

"Háà! Eré ọkùnrin tó ń wá ìyàwó ẹ̀ kiri yẹn! Ojoojúmọ́ ni mò ń bá ẹ wò ó. Mo tiẹ̀ pe iléeṣẹ́ wọn pé kí ló dé tí wọn ò parí ẹ̀."

"Kì í ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n, Màmá. Èmi ni mò ń darí ẹ̀. Kì í sì í ṣe ọkùnrin, ọ̀pọ̀lọ́ ni."

"Ó ní ọpọlọ, mi ò jiyàn. Ẹni tí ò ní ọpọlọ ò lè fo kòtò tó tóyẹn."

"Ọ̀-pọ̀-lọ́! Èyí tó ń ké lẹ́bàá odò!"

"Ẹn-ẹ́n! Abájọ tí ojú ẹ̀ fi yọ síta."

Wendell na ìka sí àpótí náà. "Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹta, mo ti dé ẹnu ọ̀nà ààfin. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta! Ẹnì kan bá fa wáyà yọ lẹ́yìn mi, gbogbo ẹ̀ parẹ́. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, tí oṣù tuntun wọlé, wọ́n ti kó o lọ pátápátá. Rosalind ni! Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń retí kó jẹ́wọ́."

Màmá Dolores rọra gbé ife kọfí ẹ̀ sílẹ̀.

"Rosalind wà lọ́dọ̀ olùkọ́ dùùrù lọ́jọ́ yẹn."

"Ta wá ni?"

"Àlùbọ́sà ni mò ń gé jẹ́jẹ́ mi. Mo kàn gbọ́ tó o figbe ta: 'Mo ti kú lẹ́ẹ̀mejì! Ẹ̀mí kan ṣoṣo ló kù fún mi!' Mo sáré dé, mo bá ẹ tó o di nǹkan oníwáyà mú, tó ò ń gbọ̀n. Mo ní, yéè, iná ti gbé ọmọ mi!"

"Ẹ̀yin ni? Ìdí tẹ́ ẹ fi gbé mi lọ sílé ìwòsàn nìyẹn?"

"Dókítà bi ẹ́ pé kí ló ń dùn ẹ́. O ní, 'Ọ̀pọ̀lọ́ mi! Ọ̀pọ̀lọ́ mi ti lọ!' Wọ́n bá ya fọ́tò orí ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀."

Ojú ti Wendell. Ó rántí ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀, bó ṣe jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, àánú Rosalind sì ṣe é gan-an. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú padà.

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ látọjọ́ yìí?"

"O búra lójú mi pé o máa pa ẹni tó fà á yọ. Wendell ọmọ mi, ẹ̀mí kan péré lèmi náà ní."