Èló Ni Ilésanmí Ra Ṣáwà?

Bí ẹ bá dé Òsì tí ẹ fẹ́ rí Ilésanmí, ẹ má wulẹ̀ béèrè ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹ ṣáà dúró síbi tí ẹ wà, kí ẹ mú ọṣẹ kan dání. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá bá yín, yóò sì jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òun kì í fi igbá bu omi sára mọ́.

Ilésanmí, akọ̀wé kánsù tó ti fẹ̀yìntì, ọkọ Susanna, baba Joy! Awẹ̀tánròyìn! Ẹni tí òjò ń rọ̀ fún nínú ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn! Èmi nìkan kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ wọ̀nyẹn o. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ló pawọ́ pọ̀ sọ ọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le rárá. Ṣáwà àtijọ́ ilé wọn dí. Tí wọ́n bá yí i, omi á máa ro tó, tó, tó, bí ìtọ̀ ọmọ tí oorun ṣì ń kùn. Ilésanmí ránṣẹ́ pe Issa, púlọ́ḿbà tó ń gbé ní Obbo-Ayégúnlẹ̀. Issa gun ọ̀kadà dé, ó tú ti àtijọ́, ó fi tuntun kan tó fẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò sí i, ó gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ká ní Ilésanmí pa ẹnu dé níbẹ̀ ni, ǹ bá má rí nǹkan kan sọ fún yín lónìí.

Susanna ló kọ́kọ́ kó sí i lọ́wọ́. Ó sọ fún un pé ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà ni ṣáwà náà, tòun ti owó iṣẹ́, pé níwọ̀n bí àwọn méjèèjì yóò ti jọ máa wẹ̀ níbẹ̀, kí ó mú ìdajì wá. Gàrí ni Susanna ń ṣe. Ó ti ń dá àjọ látọdún tó kọjá kí ó lè ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, torí ó ti sú u láti máa ru ẹ̀gẹ́ lọ sílé ẹlẹ́rọ, kí ó máa tò lẹ́yìn àwọn ọmọ kéékèèké. Ó ka àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún fún ọkọ rẹ̀, ẹ̀rọ bá di ọjọ́ mìíràn. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, ó dùn mí. Òun kàn ní ọkọ òun ni, kí lòun fẹ́ ṣe.

Ṣáwà ara ògiri yìí kò dúró sójú kan o, ó ń dàgbà. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún. Kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Aràrọ̀mí-Ọ̀pin, ó ti di ẹgbẹ̀rin. Ọjọ́ tí Ilésanmí lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Ìlọ́fà, ó di mílíọ̀nù kan gééré, ọkọ̀ òfurufú ló sì gbé e wá. Susanna bi í pé ṣé ọ̀ọ́dúnrún kọ́ ni. Ó ní kí ó dákẹ́ ẹnu rẹ̀, pé iyì lòun ń bù kún ilé.

Ẹ má rò pé ẹnu lásán ló ń yá a. Bàbá Ìjọ wa ti kú, àga rẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lófìfo pẹ̀lú tìmùtìmù pupa, Ilésanmí sì ń fẹ́ àga náà bí ológbò ṣe ń fẹ́ ẹja. Èmi fúnra mi ká a mọ́ ibẹ̀ lẹ́yìn ìdánrawò akọrin. Ó jókòó sí i, ó ń mi orí bí ẹni tí ìwàásù ń wọ̀ lára, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀dá alààyè kan lórí pẹpẹ.

Ọjọ́ Ìsinmi kan wá pé, pásítọ̀ ní kí ìjọ má tíì tú. Bàbá Ayọ̀kúnlé, alága àwọn àgbà ìjọ, dìde, ó gba gbohùngbohùn. Ó ní àwọn ti rí ẹni tí yóò jẹ Bàbá Ìjọ, ó sì dárúkọ Ilésanmí. Fìlà Ilésanmí ti yí sí apá ọ̀tún kí orúkọ náà tó jáde tán.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ oyè náà níjọ wa a máa fi nǹkan dúpẹ́, òrùlé ilé pásítọ̀ sì ti di ajere, ó ń jò.

"A kò ní ni yín lára," ni Bàbá Ayọ̀kúnlé wí. "Iye tí ẹ ra ṣáwà yẹn náà ni kí ẹ mú wá. Ohun tí èèyàn lè gbé kọ́ ògiri kó fi wẹ̀, kò ní ṣòro fún un láti fún Ọlọ́run."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín kú lójú Ilésanmí. Ó dìde, ó ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n ń pariwo yẹn, ẹnu ayé ni, pé kò ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ. Bàbá Ayọ̀kúnlé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náà dára, kí ó mú un wá. Ilésanmí ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rántí dáadáa, ó dà bíi pé ọ̀ọ́dúnrún ni. Bàbá ní Ọlọ́run gba ọ̀ọ́dúnrún náà.

Láti ìgbà tí mo ti ń ná ọjà, mi ò rí irú èyí rí. Ọjà tó ti rà, tó ti ń lò, ló tún ń bu owó rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Òógùn bò ó. Níkẹyìn, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì ni. Owó Issa wà nínú ẹ̀."

Susanna bá dìde láàárín àwọn obìnrin. Kò pariwo rárá.

"Bàbá Joy, ìdajì márùndínlógójì ni àádọ́jọ tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi?"

Ilésanmí yíjú sí i kíá, ó ní ọ̀ọ́dúnrún ni, ọ̀ọ́dúnrún ni. Bàbá Ayọ̀kúnlé ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí akápò gbọ́ o, ọ̀ọ́dúnrún. Ilésanmí tún yíjú padà sí Bàbá, ó ní márùndínlógójì ni. Tó bá kọjú sí ìyàwó, ṣáwà á wọ́n. Tó bá kọjú sí alága, á di ọ̀pọ̀. Ọrùn rẹ̀ ń yí bíi ti òwìwí. Mo ki ìwé orin bọ ẹnu kí n má baà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́yìn mi kò lè mú un mọ́ra.

Ìyá Bọ́sẹ̀dé ló dá sí i. Ìyá àgbà ni, etí rẹ̀ ti wúwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lé tirẹ̀ lórí níjọ wa.

"Ulésanmí," bó ṣe ń pè é láti kékeré nìyẹn. "Má wo alága. Má wo aya rẹ. Èmi ni kí o wò. Èló lo rà á?"

Ilésanmí dúró, ètè rẹ̀ ń mì. Àwa náà mọ ìṣirò tó ń ṣe: owó tí yóò dá padà fún ìyàwó kéré sí ọ̀ọ́dúnrún tí ìjọ yóò gbà. Ó wá kùn ún sínú. Ìyá ní òun kò gbọ́. Pásítọ̀, ẹni rere, gbé gbohùngbohùn sún mọ́ ọn lẹ́nu kí ìyá lè gbọ́.

"Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì."

Ó dún dé ìta. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, tí a gbé kọ́ ara ilé agogo, ojú títì ló kọ sí, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró de èrò. Wọ́n sì ti mọ ìtàn ṣáwà náà ju àwa lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè ọ̀kadà, pẹẹ pẹẹ, bíi pé ìyàwó tuntun ń kọjá.

Bàbá Ayọ̀kúnlé rọra gbé tìmùtìmù pupa kúrò lórí àga, ó fi há abíyá. Pásítọ̀ bá ní kí Susanna fi àdúrà tú wa ká. Gbogbo wa dijú.

"Olúwa," ni Susanna wí, "a dúpẹ́ tí o jẹ́ kí òtítọ́ jáde nínú ilé rẹ. Owó ẹ̀rọ mi tó kù lọ́wọ́ Bàbá Joy, jẹ́ kí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí oòrùn òní tó wọ̀. Lórúkọ Jésù."

Àmín tí a ṣe lọ́jọ́ náà, páànù òrùlé gbọ̀n. Nígbà tí a lajú, Ìyá Bọ́sẹ̀dé ṣì na ìka sí Ilésanmí. Ó ní òun kò gbọ́ tirẹ̀. Pásítọ̀ tún gbé gbohùngbohùn sún mọ́ ọn.

"Àmín," ni Ilésanmí wí.