Òdòdó Lọ́ńdọ̀nù ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó

Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí tara Ìbíkúnlé, alábàágbé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, kì í fi í dákẹ́. Bí ó bá ra ẹyin méjì, á ní òun ti dá oko adìẹ sílẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ó dágbére fún wa pé Lọ́ńdọ̀nù yá. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ló dé, tòun ti ẹ̀wù òtútù nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó gbé ìkòkò òdòdó kan dání. Ó gbé e kalẹ̀ sáàárín garawa méjìlá tí Jemimah ìyàwó rẹ̀ gbin ata sí. Oṣù mẹ́rin ni obìnrin yẹn fi ń bomi rin ata náà. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó pọ́n.

"Ẹ wá wò ó o! Òdòdó Lọ́ńdọ̀nù! Òfin ní kéèyàn má gbé e wọ̀lú láìní ìwé ẹ̀rí. Èmi kẹ̀? Inú fìlà ni mo fi í pamọ́ sí, mo kí wọn ní éápọ́ọ̀tù, mo kọjá!"

Ìkòkò náà ju orí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi í?

Àfi Moyọ̀sọ́lá, ayálégbé tuntun tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti òkè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán. Éápọ́ọ̀tù yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń yẹ igi àti ewé wò, kí kòkòrò àti àrùn òkèèrè má baà bá a wọlé."

Ìbíkúnlé rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Èyí tí kò bá níwèé, a máa ń sun ún ni, tòun ti ohun ọ̀gbìn tó bá wà nítòsí rẹ̀."

"Títí kan ata mi?" Jemimah figbe ta.

"Títí kan ata, mà."

Yéè! Jemimah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá garawa mẹ́ta mọ́ra, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Daddy Bright! Ẹ sọ̀rọ̀ o!"

Ìbíkúnlé wo ata, ó wo àwa tá a ti ń pè é ní Baba Lọ́ńdọ̀nù. Àánú rẹ̀ ṣe mí, díẹ̀ báyìí.

"Lọ́ńdọ̀nù tí mo wí yẹn... ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni."

"Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ níbo?" ni Jemimah bi í.

"Sábó. Ẹ̀bá títì ni mo ti rà á."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ìbíkúnlé kò lò tó ogún ìṣẹ́jú.

"Ẹ̀wù òtútù yẹn ńkọ́?" ni mo bi í.

"Mo yá a ni."

"Ibo lẹ wà láti ọjọ́ yìí?"

"Ilé Ọlábọ̀dé ọ̀rẹ́ mi ni, ní Ìdí-Àràbà."

Moyọ̀sọ́lá ní kò sẹ́ni tó máa sun ata mọ́. Ó wá ṣí abẹ́ ewé òdòdó náà wò. "Ẹ wo kòkòrò funfun! Ohun ọ̀gbìn tuntun, ì báà ṣe Sábó ló ti wá, ọjọ́ mẹ́rìnlá ló yẹ kẹ́ ẹ fi yà á sọ́tọ̀, kó má baà kó ran èyí tó bá nílé."

Jemimah dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀. "Sister Moyọ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbààwẹ̀ kí bàálù ọkùnrin yìí má já. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a ò mọ ohun tó kó bọ̀ lára. Ṣé òfin yẹn kan èèyàn?"

"Kò kan èèyàn, mà. Ṣùgbọ́n kò burú."

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́fà tí Ìbíkúnlé àti òdòdó rẹ̀ ti jọ ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láàárọ̀ yìí, Jemimah jáde wá yẹ àwọn méjèèjì wò. Ó ní ti òdòdó ti ń sàn.